Ọ̀rọ̀ tó pòórá níbi ìrántí Ẹ̀gbọ́n Àlàó

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Ojú ṣì ń tì mí. A ṣe ìrántí Ẹ̀gbọ́n Àlàó ní Yábàá lónìí, wọ́n sì ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tó parí eré tó kọ gbẹ̀yìn. Èmi tí mo ti sọ ọ́ lórí ìtàgé láìmọye ìgbà! Mo dé iwájú èrò, gbogbo ẹ̀ pòórá lọ́kàn mi.

Ẹ̀gbọ́n kì í bá ẹgbẹ́ tíátà wa jáde lórí ìtàgé. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, ẹ̀yìn kọ́tìnnì lápá òsì ló máa ń jókòó sí, tòun ti tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìwé eré lórí itan. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀, á rọra sọ ọ́ sí i létí. Kò bínú rí.

Àṣé etí mi ò tíì gbà pé ó ti kú. Mo yíjú sápá òsì, mo ń dúró. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ni mo fẹ́ sun.

Ohùn jẹ́jẹ́ kan bá jáde láti orí àga iwájú: "Ẹ má pa iná o, mo ṣì ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó pòórá yẹn gan-an ni! Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́. Obìnrin tó máa ń bá wa jà pé tíátà ò jẹ́ kí ọkọ òun gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀bù, tí kò wá wo eré wa rí!

Nígbà tí mo lọ kí ìyàwó náà, mo ní, "Àǹtí, ibo lẹ ti gbọ́ ọ?"

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀.

"Ta lo rò pé ó kọ́kọ́ máa ń kà á fún?"