Ọmọ Mi Tó Di Balógun Onírin

Ọmọ mi Ohùn-Agogo,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọwọ́ rẹ ṣì pé méjì, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ṣì pé méjì, ṣé ẹran ṣì pọ̀ ju irin lọ lára rẹ? Mo mọ̀ pé èèyàn kì í fi irú ìbéèrè báyìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni kò jẹ́ kí n mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run tó gbé ọ fún mi lódindi kò ní jẹ́ kí n gbà ọ́ padà lẹ́yọ-lẹ́yọ. Àmín.

Gbogbo wa nílé wà. Àbúrò mi tó ń ta ọṣẹ ní kí n kí ọ, eyín tó ń dùn ún ti yọ, ó kó o sínú ìgò, ó gbé e sórí fèrèsé, kò sì tíì sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún ẹnikẹ́ni. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò. Garawa tá a gbé sábẹ́ ẹ̀ náà ti ń jò báyìí, bẹ́ẹ̀ la wá bàsíà kan tá a gbé sábẹ́ garawa. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, èmi ni mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìwọ lo sì fà á.

Ìgbà tó o pè mí kẹ́yìn, oṣù méjì rèé, o ní o ṣubú lórí ọ̀kadà, àwọn dókítà sì fi irin kékeré kan sí ẹsẹ̀ rẹ kí eegun lè jọ. O ní kò ju ìka ọwọ́ lọ, kí n má ṣèyọnu. Lẹ́yìn náà lo sọ pé o ti kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́, pé ọ̀gá tuntun kan gbọ́ ohùn rẹ, ohùn náà wù ú, ó sì ti fi ọ́ ṣe ẹni tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, ìwọ ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ ní gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ti di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù. Mi ò bèèrè pé àwọn wo ni wọ́n ń bẹ̀rù ẹ, torí oríire dà bí aṣọ tí wọ́n fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, téèyàn bá ń yí inú ẹ̀ síta jù, á rí ibi tó ti ya.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo kó aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn lọ fún onígbàjámọ̀, márùn-ún ló ní kí n rán. Mo bá Fọkanáísà, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó jókòó sórí àga ìgẹrun, ẹnikẹ́ni ò gẹ irun ẹ̀. Ó di nǹkan dúdú kan mú tí wọ́n ń pè ní páàdì, bọ́tìnnì ló kún ara ẹ̀, kò sì sí ihò kan ṣoṣo tí wọ́n lè ki bọ́tìnnì bọ̀. Iṣẹ́ mi ni, mo máa ń wò ó. Tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri ló tẹjú mọ́. Ìlú kan ń jó níbẹ̀. Mọ́tò ń fò lókè, kò sí táyà lẹ́sẹ̀ ọ̀kankan, mo ní Fọkanáísà, ebi ló máa pa ọ́ nílùú yìí.

Ni ọkùnrin gíga kan bá jáde látinú èéfín. Ìdajì ara ẹ̀ èèyàn, ìdajì irin. Ojú ọ̀tún ń tàn pupa bí iná ẹ̀yìn mọ́tò, apá òsì ti di ìbọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń wọlé ń jáde bíi dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi. Ó la ẹnu, ohùn rẹ ló jáde. Ohùn tèmi tí mo bí. Ó ní kí gbogbo ìlú kúnlẹ̀ kí òun tó kà á dé mẹ́ta, òun sì ti ka méjì kí òun tó wọlé. Ọmọ mi, ta ló tún ń sọ bẹ́ẹ̀ láyé yìí yàtọ̀ sí bàbá rẹ, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, nígbà tó o bá kọ̀ tó ò fọ abọ́? Aṣọ máràárùn-ún bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo bi onígbàjámọ̀ pé ta lẹni yẹn. Ó ní Ìyá, géèmù ni, Balógun Onírin nìyẹn, ó ti gba ìlú méje, kì í sùn, kì í ṣàánú. Mo ní báwo ló ṣe di irin. Ó ní ó ṣèṣe ni, wọ́n fi irin díẹ̀ tún un ṣe, irin wá dùn mọ́ ọn, ó ń fi kún un títí ó fi dà báyìí. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irin sí. Ó ní ẹsẹ̀ ni.

Mo wá ibi jókòó.

Onígbàjámọ̀ bu omi fún mi, ó ń ṣàlàyé pé kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀, pé àwòrán ni, wọ́n kàn fún un lóhùn ni. Mo ní ta ló fún un, ibo sì ni olóhùn wà nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ? Ohùn kì í ṣe ṣòkòtò téèyàn ń bọ́ fún ẹlòmíì wọ̀. Ó ní kí n mu omi sí i.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sán ò ní kọjá kí n má débẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo fẹ́ wọn ọrùn oníbàárà. Mo rí ọ tó o ń lé arúgbó jáde nílé wọn. Mo rí ọ tó o gba omi mímu ìlú kan, tó o tún ní kí wọ́n dúpẹ́. Ìwọ tó o sunkún odindi ọjọ́ mẹ́ta torí pé mo pa àkùkọ. Mo rí àga ńlá tó o jókòó lé, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wò ọ́, mi ò rí ibi tó o ti jẹun. Àbúrò mi ní bóyá epo bẹntiróòlù lò ń mu báyìí. Mo ní kó gbé eyín ẹ̀ kúrò lójú fèrèsé mi.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ọ́ ni mò ń bọ̀ yìí, fara balẹ̀ kà á.

Lọ́jọ́bọ̀, Fọkanáísà dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń débẹ̀ tí ò kọjá. Tó bá ti dé, wàá jáde, wàá ní kó ju ìbọn sílẹ̀, o ò ní fọwọ́ kàn án. Á ju ìbọn sílẹ̀, wàá yìnbọn lù ú lórí. Lọ́jọ́bọ̀ yìí náà, o jáde, o wúkọ́ kékeré méjì, kọ́-kọ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, o wá ní kó ju ìbọn sílẹ̀, o ò ní fọwọ́ kàn án. Kí n tó mọ̀, mo ti ní Fọkanáísà, má jù ú sílẹ̀ o, irọ́ ló ń pa. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní Ìyá, ẹ ṣe mọ̀? Mo ní ó wúkọ́ ni. Mo ní láti kékeré, tó bá ti lá ṣúgà mi tán, á wúkọ́ méjì kó tó ní òun kọ́.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Fọkanáísà ò ju nǹkan kan sílẹ̀. Bó o bá ti wúkọ́, á yẹ̀. O wúkọ́, ó yẹ̀. Kí n tó rí ọwọ́ fi bo ẹnu ara mi, wọ́n ti pa ọ́. O ṣubú bí kọ́bọ́ọ̀dù, ojú pupa yẹn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Onígbàjámọ̀ fò mọ́ Fọkanáísà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́, ó gẹ ìdajì irùngbọ̀n ẹ̀ lọ, inú àwọn méjèèjì sì dùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ra míníráàlì fún mi, wọ́n ní èmi ni ọ̀gá àwọn. Mo mu ún. Ọlọ́run dárí jì mí, ó tutù.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi yàtọ̀. Ẹnu mi ló kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo rán ẹ̀wù kan fún ìyàwó káfíńtà, apá mẹ́ta ló ní. Mo pe fóònù rẹ, obìnrin kan ló gbé e, ó ní wọn ò lè rí ọ báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wo ẹ̀yìn àga ńlá yẹn bóyá o ṣubú síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó. Ohùn ẹ̀ dùn ṣá, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ̀rù rẹ ń ba òun náà.

Ni mo bá sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bá ọ láàyè. Onígbàjámọ̀ ní àwọn tún ti pa ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin látàná, o sì ń jí padà. Mo dúpẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé jíjí lẹ́ẹ̀mẹ́rin náà á ti sú ọ. Mo wá ní kí wọ́n gbé páàdì fún mi. Onígbàjámọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní tí ò bá gbé e wá, kó bọ́ aṣọ márùn-ún mi lọ́rùn àwọn èèyàn, kó máa fi ìwé ìròyìn so wọ́n. Ó gbé e wá.

Tẹlifíṣọ̀n bèèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ wọlé. Mo ní kí Fọkanáísà kọ Ìyá Rẹ, kó o lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Òun ló bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ, ó fi bọ́tìnnì tí mo máa fi ju ìbọn sílẹ̀ hàn mí, ó wá gbé páàdì lé mi lọ́wọ́. Mo ju ìbọn sílẹ̀. Mo dúró. O jáde, o fi ojú pupa yẹn wò mí látòkè délẹ̀. O wúkọ́, kọ́-kọ́. O ní kí n má bẹ̀rù, o ò ní fọwọ́ kàn mí.

Fọkanáísà ń pariwo pé Ìyá, ẹ yẹ̀, ẹ yẹ̀. Mi ò yẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n, wọn ò sọ pé ó ń yẹ̀ fún un. O pa mí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé Ìyá Rẹ ti kú, wọ́n ní ṣé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọjá kà á láti ìta, ó wọlé, ó ní Ọlọ́run á tu onígbàjámọ̀ nínú. Mo ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo wá bá ọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo pa mí. Mi ò bínú.

Ìgbà kẹrin yẹn ni mo rántí. Lórí fóònù, kó o tó sọ pé irin kékeré ni, pé kò ju ìka ọwọ́ lọ, o wúkọ́ méjì. Mo rò pé eruku ni. Kì í ṣe ìlú méje tó o gbà ló ń dà mí láàmú mọ́, ẹsẹ̀ rẹ ni.

Mo fi ìgò epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan rán dẹ́rẹ́bà tó ń kó èrò wá sọ́dọ̀ yín sí ọ. Kán ẹ̀kán mẹ́ta sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, nu èyí tó bá ṣẹ́kù, má sì jáde sínú òjò. Ṣòkòtò méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì gbòòrò ju ọ̀tún lọ, torí o ò sọ ẹsẹ̀ wo ni, ẹ̀gbẹ́ tí apá tó di ìbọn yẹn wà ni mo tẹ̀ lé. Bá mi wá owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Má fi sí bánkì, wọ́n ní àkáǹtì mi ti sùn, mo ní kí wọ́n jí i, wọ́n ní owó ló ń jí i. Fi rán dẹ́rẹ́bà. Owó àlọ nìkan tó, tí mo bá fojú rí ọ la máa tó mọ ti àbọ̀.

Ọlọ́run á bá mi pa iná ojú rẹ. Ohun tí wọ́n fi kún ọ kò ní pọ̀ ju ìwọ lọ. Ìlú tó o bá wọ̀, wọn ò ní sá fún ọ, wọ́n á bu omi fún ọ ni.

Pè mí, kó o sọ pé ẹsẹ̀ rẹ ti jọ. Tó ò bá wúkọ́, mo gbà ọ́ gbọ́. Tó o bá wúkọ́, má wulẹ̀ parí ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti wà lọ́nà.

Èmi ìyá rẹ, tó o pa lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ara ẹ̀ sì le.