Ẹni Tó Wà ní Ipò Òdo

Ìyá mi àtàtà,

Ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé sí yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ṣọ́ọ̀bù yín ní Àlàbá. Kúnlé ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ṣì ń ta wáyà iná, ó sì ṣì ń bá oníbàárà jà. Ẹ̀yin náà mọ àbúrò mi.

Ní tèmi, mò ń kọ́ JavaScript ní Ìbà, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ni mo fi ń ṣe ojú-ewé ìrántí yín tí a óò ṣí fún ẹbí lọ́jọ́ Àìkú. Mo to orúkọ àwa ọmọ yín síbẹ̀, mo wá lo lúùpù, ìyẹn àṣẹ tó ń mú kọ̀ǹpútà ka nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi tán. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í ka ení, èjì bíi tiwa. Òdo ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo gbàgbé láti fi ení kún un, ni òdo bá jókòó síwájú orúkọ èmi àkọ́bí.

Àǹtí Bọ́lá, àbúrò yín ní Okokomaiko, rí i lórí fóònù mi. Inú bí wọn gidi. “Kí ni síírò ń wá níwájú orúkọ ẹ? Ṣé ìwọ lo kú nínú wọn ni?” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi sọ fún mi pé ọmọkùnrin kan ṣáájú mi. Ayọ̀délé lorúkọ rẹ̀. Kò tíì rìn tó fi kú.

Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ó dùn mí, mo tilẹ̀ bínú sí yín. Mi ò bi ara mi rí pé ẹkún ta ni èmi Rẹ̀mílẹ́kún wá rẹ̀.

Nígbà ayé yín, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo wa ti wọlé, ẹ kì í kà wá, torí ẹ gbà pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Orí wa lẹ máa ń fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n àyà yín lẹ máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí ó tó kan èmi. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àdúrà ni.

Kúnlé ní ohun tí ìyá bá bò, ọmọ kì í ṣí i sójú ayé. Àǹtí ní ó tó gẹ́ẹ́, kí a pe ọmọ náà lórúkọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Láàárọ̀ yìí, mo kọ Ayọ̀délé sí ipò òdo, mo sì ní kí lúùpù máa kà láti ení. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní pè é. Èmi bọ́ sí ení, Kúnlé bọ́ sí èjì, Tóyìn bọ́ sí ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó máa rí i lọ́jọ́ Àìkú. Màámi, ṣé mo fún un láyè rẹ̀ ni, àbí èmi náà tún sin ín?

Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Èmi ni, ọmọ yín kejì.