Áàpù Tó Parí Orí Tí Ìyá Ti Kú

Olóòtú ètò wa orí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ. Mo há sí orí ìwé náà tí ìyá ti kú, torí ikú ìyá tèmi gan-an ni mò ń kọ síbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin wá gbé áàpù ọgbọ́n àtọwọ́dá méjì wá kí n yan ọ̀kan. Èkíní kàn ń tún àṣìkọ ṣe, èkejì ń bá èèyàn kọ̀wé. Mo ṣàlàyé bí ìyá náà ṣe kú fún èkejì, ó sì parí orí náà kí omi tíì mi tó hó.

Àbúrò mi kà á, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí Màámi ṣe lọ gẹ́lẹ́ nìyí. Èyí ni kí ẹ mú."

Èmi náà kà á. Kò ṣe mí bákan.

Ẹ̀yin olùgbọ́, àbúrò mi ti sun ẹkún tirẹ̀. Bí áàpù bá bá mi parí ìwé yìí, ìgbà wo ni mo fẹ́ sun tèmi?