Mílíọ̀nù Kan Lé Ẹyọ Kan

Ọjọ́bọ̀, Ajah

Ó rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ kan ní kíláàsì tí mò ń kọ́, ò kúrò lọ́kàn mi.

Nínú ìdánwò tí mo fi yan àwọn tó máa lọ síbi ìdíje ìṣirò, mo bi wọ́n bóyá nọ́ńbà kan wà, yàtọ̀ sí ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀, tó lè pín 1,000,001 láìṣẹ́kù. Ọmọ náà kọ 101. Mo fagi lé e láìṣírò, torí ó dá mi lójú pé kò sí. Bí wọn ò ṣe mú un nìyẹn.

Lónìí ó gbé ìwé rẹ̀ wá: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

101 lọ́nà 9,901. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. 1,000,001 gẹ́lẹ́ ni.

Mo sáré lọ bá pírínsípà. Wọ́n ní àwọn ti fi orúkọ ránṣẹ́. Mo bá dúró níwájú kíláàsì, mo ní èmi ni mo ṣì í, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "9,901 ńkọ́, mà? Ṣé òun náà ṣeé pín?"

Mo ní màá lọ ṣírò rẹ̀.

Mo délé, mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo ti gbé bírò. Láti orí méjì títí dé ọgọ́rùn-ún, kò sí èyí tó pín in; ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sì ti ju 9,901 lọ, torí náà kò ṣeé pín. Ọmọ tí mo já kulẹ̀ yẹn nìkan ló wù mí láti sọ ọ́ fún.