Ọ̀mì Tí Mo Kọ̀

Yàrá Kẹta, Òkè Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. Ara tèmi le; ẹnu mi nìkan ni kò ríṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní lè wá mọ́. Mo fìdí rẹmi nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn mìíràn ni yóò wá sí ìdíje ńlá tó máa wáyé ní ìlú yín.

Ìyá aránṣọ kan ni wọ́n ní kí n bá ta. Ó fi okùn ìwọ̀n kọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ rán agbádá fún ọba orí pátákó. Ọ̀nà tí ẹ kọ́ mi ni mo fi ṣí ayò náà, èyí tí ẹ sọ ní Ìdẹ: mo ti ọmọ-ogun iwájú ọba mi jáde, mo sì ti èkejì sí ibi tó ti lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Háà, ọmọ mi! Ẹja tó gbó bíi tèmi lo ń dẹ ìwọ̀ fún?" Adarí ìdíje wúkọ́ sí i. Ìyá náà pa ẹnu mọ́, àmọ́ ó jẹ ọmọ-ogun náà.

A ta á títí ọmọ ayò fi ṣẹ́ kù díẹ̀, apá ẹnì kan ò ká ẹnì kejì. Ló bá rọra ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká pè é ní ọ̀mì. Wọ́n ń retí mi nílé."

Ọ̀mì ti tó láti gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí a bá ti bọwọ́ báyìí, yóò dìde. Ìdúró làwọn oníbàárà ń bá mi sọ̀rọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé: wọ́n á na ìwé, wọ́n á gba ìwé, ó tán. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, òun lẹni àkọ́kọ́ tó jókòó kọjú sí mi, tó ń ro ohun tí mò ń rò. Mo mi orí pé rárá.

Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, n kò wo ẹṣin rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó jẹ ayaba mi, ayò sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí ló dé tí o ò gbà nígbà tí mo fi lọ̀ ọ́?" Ó bi mí bí ẹni pé òun ló pàdánù. Ọkọ rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn. Èmi ni mo to ayò padà sínú àpótí, tèmi àti tirẹ̀. Àfọwọ́fà ni, n kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi sílẹ̀ dè mí. Bí ẹ bá sì pè mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè gbé fóònù sílẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí ohùn yín,
Jẹ́jẹ́.