Àlímátù Àmọ̀kẹ́ Àjíṣafẹ́ (1976–2018): Ìyàwó Tí Kò Ṣíwájú Ìyálé

Ilé Àyàndá ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ni a ti bí olóògbé Àlímátù Àmọ̀kẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1976. Alfa Sùlé Àyàndá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú, ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Màmá Sàlámátù, ṣì wà láàyè, wọ́n sì jókòó sáàrin wa níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ yìí. Ọmọ mẹ́ta ti kú mọ́ Màmá lójú kí olóògbé tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kẹ́ wọn bí ẹyin. Ọmọ ló yẹ kó sin ìyá. Ohun tí ojú Màmá rí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí Ọlọ́run má fi hàn wá mọ́.

Ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ̀ sí ilé kéwú bàbá wọn lójoojúmọ́. Kíláàsì kẹta ni wọ́n wà ní girama nígbà tí bàbá jáde láyé ní 1991, ìwé sì parí síbẹ̀. Aránṣọ kan ní Tákíé gbà wọ́n sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ṣe fríídọ̀mù ní 1996. Aláwàdà ni wọ́n. Bí oníbàárà bá ń bèèrè aṣọ tí kò tíì sanwó rẹ̀, wọ́n á ní aṣọ náà ṣì ń gbààwẹ̀.

Ní ọdún 2001 ni wọ́n wá sí Àbújá, sọ́dọ̀ àǹtí wọn ní Durumi. Aṣọ rírán kò fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé, nítorí aránṣọ ti pọ̀ ju aṣọ lọ. Ìjókòó tákísí kan tó ya, tí wọ́n bá onímọ́tò rán, ló ṣí ọ̀nà fún wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn lọ sí abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Apo, wọ́n ń rán lẹ́dà ìjókòó ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin kan náà fi ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Mùíbì Àjíṣafẹ́, ọmọ Ìlọrin, tó ń na ara ọkọ̀ tó bá ti tẹ̀, ti rí wọn. Wọ́n so yìgì ní oṣù kejìlá ọdún 2002. Ìyáàfin Rísíkàt ni olóògbé bá nílé gẹ́gẹ́ bí ìyálé, ìyálé náà ló sì mú wọn lọ́wọ́ wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Mùíbì bẹ̀rù Ọlọ́run, kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹ̀sùn ojúsàájú kàn wọ́n. Bí wọ́n bá ra àǹkárá, oríṣi kan náà ni, méjì. Bí wọ́n bá ra ìkòkò, méjì. Ohun tí kò bá lè di méjì, kì í wọ ilé Àjíṣafẹ́. Olóògbé a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ń ta òṣùpá lọ́jà, ọkọ àwọn á dúró dìgbà tí èkejì bá dé.

Ní ti ẹ̀sìn, Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù àwọn obìnrin ní Durumi, wọn kì í sì í pa ìpàdé ọjọ́ Àìkú jẹ. Inú ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀, a kò sì ní bò ó.

Ní ọdún 2014, nọ́ọ̀sì kan wá ṣàlàyé ètò adójútòfò ìlera fún ẹgbẹ́. Ó ní kéèyàn máa san díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara bá le, kí ilé ìwòsàn lè tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara kò bá le. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà lábẹ́ orúkọ ọkọ wọn. Obìnrin tó ń tajà tàbí tó ń ránṣọ ní Apo kò ní nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì kò tíì parí tí Ìyáàfin Rísíkàt fi dìde. Wọ́n ní, "Sànnu o, nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Àmọ́ àwa ò ní fi owó wa ra oògùn. Ẹni tó bá sanwó àìsàn sílẹ̀, àìsàn á gbé ọjà rẹ̀ wá bá a nílé." Gbogbo ilé ṣe àmín. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Olóògbé kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, nítorí ìyálé wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Gbogbo mọ́tò tó ń wọ Apo ló ní sípíà táyà nínú bùútù. Ṣé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ń ṣépè fún táyà rẹ̀ ni?" Ẹ̀rín sọ. Kí ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ti wọ ètò náà. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò bá gbà, olóògbé ló ń bá a bẹ ọkọ rẹ̀. Wọ́n á dúró dìgbà tí ọkùnrin náà bá gbé mọ́tò wá tún ìjókòó ṣe, kó má baà ríbi sá lọ. Obìnrin tó bímọ láyọ̀ nípasẹ̀ ẹ̀bẹ̀ wọn, ó wà láàrin yín níbí.

Àmọ́ olóògbé fúnra wọn kò sí nínú ètò náà. Ọ̀gbẹ́ni Mùíbì ní àwọn yóò san ti ìyàwó méjèèjì tàbí kí àwọn má san rárá. Ìyáàfin Rísíkàt ní àwọn ò fẹ́, ọ̀rọ̀ sì tán. Àwọn ọ̀rẹ́ gba olóògbé níyànjú pé kí wọ́n fi owó iṣẹ́ ọwọ́ wọn san tiwọn ní kọ̀rọ̀. Èsì tí wọ́n fọ̀ kò kúrò létí wa. "Bí mo bá dá san tèmi, tí ara ìyálé mi wá ṣe bákan lọ́la, ta ni wọ́n máa ní ó ṣe é? Ẹ fi mí sílẹ̀. Ìyàwó kì í ṣíwájú ìyálé." Ẹni tó bá ti gbé ilé olórogún rí mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ń dùn wá títí di òní pé òótọ́ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ọwọ́ wọn kan kókó kan ní ọmú òsì. Wọ́n ń ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì, wọ́n ń ránṣẹ́ sílé fún àgbo, wọ́n sì ń rán ìjókòó lọ. Nígbà tí egbò yọ, ìyálé wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Ìyáàfin Rísíkàt kò tilẹ̀ wá ìborùn kí wọ́n tó sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò, pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Àwọn yẹn ní ètò náà kò gba àìsàn tó ti wọlé ṣáájú owó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ilé ìwòsàn ní ká mówó wá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹgbẹ́ dáwó, a ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán ìjókòó, a ta ilẹ̀ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ kókó náà ti rìn kọjá ibi tí ọ̀bẹ lè bá a.

Ìyáàfin Rísíkàt ló wẹ̀ wọ́n, àwọn ló fọ egbò wọn, àwọn ló bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu títí ẹnu fi kọ oúnjẹ. Olóògbé kò bá wọn jà lọ́jọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n dágbére fáyé, a sì sin wọ́n sí itẹ́ òkú Gudu lọ́jọ́ náà. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni wọ́n.

Wọ́n fi Màmá Sàlámátù sáyé, àti ọkọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Mùíbì. Ìyálé wọn, Ìyáàfin Rísíkàt. Ọmọ tí wọ́n bí, Balkis àti Yàhàyá. Ajíbọ́lá ọmọ ìyálé wọn, tí wọ́n pọ̀n bí tiwọn. Àti àwọn àbúrò àti ẹbí. Wọn kò rí ọmọ-ọmọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Mùíbì pe ilé jọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi Balkis àti Ajíbọ́lá, ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá méjèèjì, sínú ètò ìlera, àmọ́ owó ọwọ́ àwọn kò tíì ká ju ẹnì kan lọ, nítorí náà kí a dúró di oṣù tó ń bọ̀, kó lè dọ́gba. Ìyáàfin Rísíkàt gbé orí sókè. "Bàbá Ajíbọ́lá, ẹ lọ san ti Balkis. Ẹ má dúró de tèmi mọ́." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ọ̀gbẹ́ni Mùíbì ti san án.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyálé, ẹ̀yin ìyàwó tó bá wa pé jọ níbí, bí Alfa bá gbàdúrà pé a ò ní fi owó wa ra oògùn, ẹ ṣe àmín. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ bùútù mọ́tò yín wò.

Àmọ̀kẹ́ ọmọ Àyàndá, kí Ọlọ́run fẹ sàréè yín, kó tẹ́ ẹ ní tútù, kó sì fi Àlùjánńà onídẹ̀ra ṣe ibùgbé yín. Ẹ kò ṣíwájú ìyálé yín rí láyé. Ikú nìkan ló mú yín ṣíwájú wọn. Ẹ sùn re o.