Kókó Inú Ọ̀gá Kékeré

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọmọ mi, Ọ̀gá Kékeré, pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí. Nọ́ọ̀sì tó ń wọ̀n ọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn — ó tún un tẹ̀ — ó sáré pe dókítà. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Kókó kan jókòó lórí kíndìnrín ọ̀tún. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Lára ọmọ tí kò ju búrẹ́dì lọ!

Ọjọ́rú, 5
Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní àyẹ̀wò ló máa sọ irú kókó tó jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Dókítà Onígíláàsì ní ó jọ jẹjẹrẹ, àmọ́ kò tíì ràn dé ibòmíràn nínú ara rẹ̀. Mo ní ìgbà wo ni wọ́n máa gé e? Ó ní kò sí gígé, kò sí oògùn. Ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ó yé mi. Ó ti wo bàtà wa tí mo fọwọ́ ara mi rán, ó ti mọ̀ pé a ò lówó iṣẹ́ abẹ. Ohun gidi wo ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́?

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo ní màá ta maṣíìnì ìránṣọ mi. Ọkọ mi ní ṣé eyín ni mo máa fi rán aṣọ àwọn èèyàn? Mo ní ọmọ ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa san ìdajì owó maṣíìnì. Mo kó o lé tábìlì Onígíláàsì — kó ṣáà gé e, ìyókù ń bọ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.
"Màmá, bí ẹ kó gbogbo owó báǹkì wá, mi ò ní fọ̀bẹ kàn án lónìí."
Ó ní irú èyí, tó bá kéré lára ọmọ tuntun, ó sábà máa ń yọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ lè ṣe é léṣe ju kókó lọ. Tí kókó náà bá ń tóbi sí i nìkan ni wọ́n máa gé e. "À ń ṣọ́ ọ ni. Ìtọ́jú nìyẹn. Ta ló ní torí owó ni?"
Mi ò lè sọ pé èmi ni.
Mo dá owó padà. Aránṣọ bú mi dáadáa. Ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Wọ́n tún ya àwòrán. Kókó náà kò dín, kò lé. Onígíláàsì ní ìyẹn náà dára. Ṣé kì í ṣe pé ó ń tù mí nínú?

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún
Sẹ̀ǹtímítà kan!! Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n tún un wọ̀n. Ọ̀kan náà ni. Àmì jẹjẹrẹ tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ rẹ̀ náà ti ń dín kù. Wọ́n á ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kọjú sí ògiri, ó ní eruku kó sóun lójú. Ọ̀gá Kékeré tọ̀ sí gbogbo wa lára.
Mo sùn lọ́sàn-án, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta, mi ò gbọ́wọ́ lé e níkùn láti ṣọ́ kókó.